Ìlà Kan Nínú Dráífà Ifọ̀

N kò lè sọ àwọ̀ ògiri yàrá tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Mówe mọ́. N kò sì rántí bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ifọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìrántí mi sọ pé ó rọ̀. Ìwọ̀nyí kò dùn mí. Èyí tí ó dùn mí ni pé fún ọdún púpọ̀, n kò lè búra pé èmi kọ́ ni mo kọ ìlà kan ṣoṣo tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Alhaja kan ní ilé-iṣẹ́ tí ń lọ oúnjẹ adìẹ ní Ifọ̀. Òṣùwọ̀n ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń wọn àgbàdo tí ọkọ̀ bá gbé dé. Káàdì kan nínú kọ̀ǹpútà ló ń ka ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kú. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò ní ojú ihò tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń wọ̀ mọ́, wọ́n sì ra káàdì tuntun. Ó di dandan kí a tún dráífà rẹ̀ ṣe, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ń gbé inú kánẹ́ẹ̀lì, àárín gbùngbùn ètò kọ̀ǹpútà, tí ń jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tí káàdì ń wí. Ọ̀gá mi ló gba iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì ni ó ti ń dán mi wò; ó ṣèlérí pé bí ti Ifọ̀ bá yọrí, òun yóò sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ya dráífà náà sí méjì. Apá kan mọ òṣùwọ̀n nìkan. Apá kejì ló mọ básì, ọ̀nà tí káàdì ń gbà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí básì bá tún yí padà lọ́la, apá yìí nìkan ni a ó pààrọ̀. Lórí básì àtijọ́, ọwọ́ ènìyàn ló ń fún káàdì ní àdírẹ́sì: a ó ki píìnì kékeré bọ ibi tí a fẹ́ lára káàdì, a ó sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sínú dráífà. Lórí tuntun, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń pín àdírẹ́sì nígbà tí a bá tàn án, èyí tí ó pín ní Mówe kò sì pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tí yóò pín ní Ifọ̀. Dráífà gbọ́dọ̀ béèrè àdírẹ́sì náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá mi kò gbà. Ìdí píìnì ni ó ti dàgbà. Ó ti rí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ wa ní Mówe pín, ó sì fẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Purofẹ́sọ̀," bí ó ti máa ń pè mí nìyẹn bí ó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín, "ṣé ilé a máa dìde rìn ni? Àdírẹ́sì ni àdírẹ́sì ń jẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ti èyí yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wa náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo fi í sílẹ̀ bí mo ti kọ ọ́. Mo rò bẹ́ẹ̀ ni. A kò tọ́ mi láti máa bá àgbà jiyàn títí; ó ṣeé ṣe kí n ti tẹrí ba, kí n sì kọ ohun tí ó fẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ, kò sí iná; jẹnẹrétọ̀ ni a tàn, epo tó kù nínú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọ̀gá rán mi lọ ra epo ní Ìbàfò. Èrò pọ̀ nílé epo. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti kó ẹrù sínú mọ́tò.

Ní Ifọ̀, a ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà tuntun náà, a pe dráífà, ojú kọ̀ǹpútà sì dì gbagidi. Àwọn ọkọ̀ àgbàdo tò síta. A tún un tàn, mo ṣí fáìlì náà: nọ́ńbà Mówe jókòó síbi tí ìbéèrè yẹ kó wà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n Alhaja ti ń béèrè ẹni tó kọ ọ́. Ọ̀gá fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi.

"Ọmọ yunifásítì yìí ni. Mo sì kìlọ̀ fún un."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Alhaja wí. "Ìwé tó o kà ò lè bá mi wọn àgbàdo."

Ọ̀gá ní kí n lọ jókòó sínú mọ́tò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ní kí n má wá mọ́. Mo di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàfò, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń tan kọ̀ǹpútà àti bí a ti ń pa á. N kò kọ dráífà mọ́. Èyí tó burú jù ni pé ìrántí mi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti ọ̀gá gbọ́. Mo wá ń rí ọwọ́ ara mi tí ń tẹ nọ́ńbà náà. Mo tilẹ̀ ń gbọ́ ìró bọ́tìnnì.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, akọ̀wé ìgbà yẹn mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa. N kò bi í ní nǹkan kan. Òun ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú pé mo fi yín rẹ́rìn-ín nígbà yẹn," ó ní. "Nígbà tẹ́ ẹ lọ ra epo, ọ̀gá jókòó sórí àga yín. Àwọn ni wọ́n tẹ nọ́ńbà yẹn sí i. Èmi ni mo ń kà á fún wọn látojú kọ̀ǹpútà, torí wọn ò mú awò ojú wọn wá."