Àṣá Orí Òpó Iná ní Lánlátẹ̀

Dókítà adìyẹ ni wọ́n ń pè mí láti Èrúwà títí dé Ìdèrè, bẹ́ẹ̀ n kì í ṣe dókítà. Oògùn tó ń dènà lùkúlùkú, àrùn tó máa ń pa adìyẹ lọ bẹẹrẹ, ni mò ń kán sí wọn lójú láti ilé dé ilé. Inú kúlà oníyìnyín ni oògùn náà ń gbé. Tí yìnyín bá ti yọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ aládìyẹ fún kò ju kó bá mi di adìyẹ rẹ̀ mú lọ. Ẹ wá wo bí ìyẹn ṣe máa ń le tó!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ Màmá Ṣakírá ní Lánlátẹ̀. Ṣakírá ọmọ wọn ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán parí, adìyẹ ni Màmá sì fẹ́ tà lásìkò Iléyá láti fi ra maṣíìnì fún un. Ṣùgbọ́n n kò rí adìyẹ kankan lójúde. Màmá ti kó gbogbo wọn dé sábẹ́ àgò, àtàgbà àtọmọ, wọ́n há mọ́ra. Wọ́n ti fi aró kun àwọn òròmọdìyẹ, kí àṣá má baà dá wọn mọ̀.

"Dókítà, ẹ wò ó lórí òpó iná. Ó fẹ́ kó mi lọ́mọ adìyẹ jẹ tán."

Mo gbójú sókè. Ẹyẹ náà kò ju ẹyẹlé lọ. Ara rẹ̀ rí bí eérú látòkè délẹ̀, àyàfi etí ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀ lọ́nà oko. Kì í gbé igbó dídí. Ibi tó tẹ́jú ló fẹ́ràn, kó rí òpó tàbí igi gbígbẹ jókòó lé, kó máa ṣọ́ ilẹ̀. Ọ̀lẹ ni tó bá di ti ilé kíkọ́, ilé tí ẹyẹ mìíràn ti kọ́ sílẹ̀ ló ń yé ẹyin sí. Alángbá àti tata ló ń jẹ. Àwòdì ńlá tí ìrù rẹ̀ là sí méjì ni olè tí ń gbé òròmọdìyẹ.

"Màmá, alángbá nìyẹn ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí àgò, yìnyín mi ń yọ́."

"Kí n ṣí àgò lójú àṣá? Wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ."

"Akátá wo? Àkùkọ yín lè fẹsẹ̀ ta ẹyẹ yẹn pa!"

Ibi tí a ti ń fà á ni ẹyẹ náà ti já wálẹ̀ lẹ́bàá ògiri, tó sì gbé alángbá, ìrù rẹ̀ ń jù fìrìfìrì.

"Ẹ rí i báyìí?"

"Ó fi ń tàn yín jẹ ni."

Mo káwọ́ lérí. Àfi bí obìnrin aládùúgbò kan ṣe gbé àgbébọ̀ tirẹ̀ dé, pé kí Màmá bá òun dé e mọ́ tiwọn nítorí àṣá. Adìyẹ náà ti sorí kọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ rí bí ewé tí a gún. Mo pariwo pé lùkúlùkú nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀rù àṣá ló bà á. Wọ́n tì í sábẹ́ àgò lójú mi, n kò sì rí adìyẹ kankan kán oògùn sí títí yìnyín mi fi yọ́.

Nígbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lùkúlùkú ti pa gbogbo wọn, àgò ti ṣófo. Ṣakírá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí dọ́kàn, inú sì tún ń bí mi.

Màmá tún bẹ̀rẹ̀ látorí àgbébọ̀ kan ṣoṣo. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn fúnra wọn ló ránṣẹ́ pè mí, wọ́n sì di adìyẹ mú. Lùkúlùkú tún jà ládùúgbò, tiwọn kò kú. Iléyá kejì ni wọ́n ra maṣíìnì.

Nígbà tí mo tún dé Lánlátẹ̀, àwọn obìnrin ti tò sójúde Màmá, kálukú gbé adìyẹ dání. Màmá ń ṣàlàyé fún wọn:

"Oògùn ojú ni dókítà yìí ń kán. Adìyẹ tó bá ti gbà á, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti máa rí àṣá."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀pọ̀ adìyẹ tó wà nílẹ̀, mo wo kúlà mi, mo pa ẹnu dé.

"Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú dáadáa," ni mo wí.