Ọ̀rọ̀ Japan tí Mọ́wùnmí Lọ Kọ́

Mọ́wùnmí Ọládèjì kì í gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Gbogbo ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead ló mọ̀ ọ́n mọ́ ìyẹn. Bí ẹbí arúgbó kan bá gbé páálí ṣokoléètì wá nígbà Kérésìmesì, tí àwọn yòókù ń tú u pẹ̀lú ẹ̀rín, òun á ní òun ò jẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó ń lọ ní Plumstead, kì í yé jẹ́rìí pé Ọlọ́run ló ń bá òun pa ọwọ́ òun mọ́. Ká má parọ́, ó máa ń gbádùn ẹ̀rí náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun kan ló fà á. Bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní káńsù ní Agége, òun ló ń lọ yẹ ilé táwọn èèyàn ń kọ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lọ́dún kan, ẹnìkan gbé àpò ìrẹsì wá sílé wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé onítọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ bàbá. Àpò ìrẹsì yẹn ló lé bàbá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ a-gba-rìbá sì ni wọ́n ń pe Mọ́wùnmí ládùúgbò títí wọ́n fi kó kúrò níbẹ̀. Àtìgbà náà ló ti ní òfin tirẹ̀: ẹ̀bùn tó bá tẹ̀lé iṣẹ́, bóyá ọpẹ́ ni, èyí tó bá ṣáájú iṣẹ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kò sí àní-àní. Ará Èkó wo ló máa bá a jiyàn?

Màmá Hisae dé sílé ìtọ́jú náà lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ọmọ Japan ni. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Plumstead tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá omi ní Woolwich, ti kú. Ojú ìyá náà ti ń ṣú, ẹsẹ̀ ò sì gbé e dáadáa mọ́, àmọ́ ẹnu ṣì wà níbẹ̀. Bí Mọ́wùnmí bá ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, á máa kọ́ ọ ní èdè òun: mizu ni omi, itai ni "ó ń dùn mí". Mọ́wùnmí náà kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀", ìyá sì gba ọ̀rọ̀ náà tán pátápátá, tó fi jẹ́ pé kódà nírọ̀lẹ́, òun ló fi ń kí àwọn tó ń gbálẹ̀. Wọ́n jọ máa ń rẹ́rìn-ín ni ṣáá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá fi ìka kan káàdì orúkọ tó wà láyà Mọ́wùnmí. "Ṣé bí ìyá rẹ ṣe ń kọ ọ́ nìyí?" Mọ́wùnmí ní rárá, àwọn òyìnbó ló gé e kù. Ó fi bírò kọ ọ́ sórí bébà ìnuwọ́, ó fi àmì sí i lókè, ó fi sí i nísàlẹ̀. Màmá Hisae gbé bébà náà sún mọ́ ojú, ó wò ó títí, ó sì ká a sápò. Mọ́wùnmí ò tún ronú kàn án mọ́.

Nígbà tó yá, yàrá igun tó kọjú sí adágún omi ṣófo. Ta ni kò fẹ́ ẹ? Mánijà ní kí Mọ́wùnmí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n láàárín àwọn olùtọ́jú, wá sọ nípàdé ẹni tó rò pé yàrá náà tọ́ sí. Màmá Hisae ò fi pamọ́ pé òun máa fẹ́ láti máa rí omi, nítorí ọkọ òun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyá pe Mọ́wùnmí, tó mú nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bébà funfun dì jáde nínú dúrọ́ọ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, tó sì tẹrí ba.

Àpò ìrẹsì bàbá rẹ̀ ni Mọ́wùnmí rí lójú ara rẹ̀. Ó ní, "Ó dìgbà tó bá yá, Mummy," ó sì jáde. Ó lè fi èdè òyìnbó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ àwọn arúgbó méjì kan jókòó tì wọ́n tí wọ́n ń mu tíì, kò sì fẹ́ dójú ti ìyá náà. Ó pinnu pé èdè ìyá náà lòun máa fi sọ ọ́ fún un, kó lè wà láàárín àwọn méjèèjì. Ire ló ní lọ́kàn, ká fún un ní ti ẹ̀.

Nílé ní Abbey Wood, ó bá Zion ọmọ rẹ̀, tí kì í gbójú kúrò lára sinimá eré àyàwòrán àwọn ará Japan.

"Zion, kí ni wọ́n ń pe rìbá ní Japan?"

"Like, bribe? Wairo. Why?"

"Báwo ni màá ṣe sọ pé mi ò gbà á?"

"Wairo wa moraimasen." Zion gbójú sókè. "Wait, Mum, ta lo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

"Màmá kan níbi iṣẹ́."

"Ah, no o! You can't say that to someone's face. Ọ̀rọ̀ yẹn le gan-an, inú news ni wọ́n ti ń lò ó, for politicians. Tó bá jẹ́ gift ni, just say o-kimochi dake itadakimasu. Ó túmọ̀ sí pé ọkàn tó o fi fún mi ti tó mi."

"Rìbá ni rìbá ń jẹ́, jàre. Tún ti àkọ́kọ́ yẹn sọ."

Zion tún un sọ. Mọ́wùnmí ń sọ ọ́ lẹ́nu bó ṣe ń ṣa ìrẹsì, ó ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, títí ọ̀rọ̀ náà fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tún mú nǹkan náà jáde, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Mọ́wùnmí rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìṣìṣe. Ìyá náà rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tẹrí ba gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó dá nǹkan náà padà sínú dúrọ́ọ̀, ó sì tì í. "Sorry, miss," ló wí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àárọ̀ ṣe parí láàárín wọn. Kò pè é lórúkọ mọ́, kò sọ "ẹ káàárọ̀" mọ́, "thank you, miss" ni ṣáá.

Nípàdé, Mọ́wùnmí ní kí wọ́n fún Míster Gerald, arúgbó mìíràn nílé náà, ní yàrá igun. Wọ́n fún un. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé èṣù tún dán òun wò níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ò ṣubú. Ìjọ pariwo halelúyà.

Kàfí, tó ń fọṣọ nílé ìtọ́jú náà, ló wá là á lójú. Mọ́wùnmí rí i tó ń fi áńkáṣíìfù funfun kan nu òógùn, orúkọ Kàfí wà létí ẹ̀ tí wọ́n fi òwú búlúù kọ.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Màmá Hisae ló fún mi. Ṣé ìwọ ò tíì gba tìẹ ni, Auntie Mọ́wùnmí? Gbogbo wa la gbà o, kitchen, cleaners, manager gan-an. Ó ní bí èèyàn bá kó dé ibi tuntun lọ́dọ̀ tiwọn, ó gbọ́dọ̀ fún àwọn tó bá níbẹ̀ ní aṣọ ìnujú bí èyí. Tìẹ ló pẹ́ jù. She said the dots in your name are killing her eyes, but she must put everything."

Mọ́wùnmí fi ẹ̀yìn ti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Obìnrin tí ojú ń dùn jókòó ti fèrèsé láti ìgbà tó ti gba bébà ìnuwọ́ yẹn, ó ń fi abẹ́rẹ́ wá àmì orúkọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹ̀bùn rẹ̀ ní rìbá. Ohun tó tún dùn ún jù ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ òun ní èyí. Nílé wọn, bí àgbà bá na nǹkan síni, èèyàn á kúnlẹ̀ ni, á fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ìbéèrè tó bá wà á tẹ̀lé e. Ó sáré gun àtẹ̀gùn lọ láti bẹ̀ ẹ́, ó sì bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Wọ́n ní èémí ló há a láàárọ̀ yẹn, wọ́n ti gbé e lọ sọ́síbítù.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e padà. Mọ́wùnmí ti bẹ Zion pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìdáríjì, lọ́tẹ̀ yìí kò bá ọmọ jiyàn. Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. "Yurushite kudasai, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Hisae wò ó, ó rẹ́rìn-ín sí i bí a ti ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. Àìsàn náà ti kó ọ̀pọ̀ nǹkan lọ lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kó dìde, ó bi í bóyá òun ni nọ́ọ̀sì tuntun. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ wá abẹ́ ìrọ̀rí, ó sì fa áńkáṣíìfù kan yọ, tí bébà ti kúrò lára rẹ̀. Mọ́wùnmí rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, gbogbo àmì rẹ̀ ló pé síbẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹni yìí, miss?"

"Èmi ni, Mummy. Èmi ni Mọ́wùnmí." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínà.

Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó wo orúkọ náà, ó tún wo ojú rẹ̀. Ó rọra mi orí, ó ká aṣọ náà dáadáa. "Rárá. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mò ń tọ́jú ẹ̀ dè é ni," ló wí, ó sì dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí.