Òwú Tí Iye Gbé Sórí Àjà

Ọjọ́ Ẹtì ni, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọn kì í jẹ́ kí n dá wa ọkọ̀. Wákàtí náà dá mi lójú, nítorí ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń ti Igbókòdà bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lẹ́yìnkùlé wa ní Etíkàn ni, agogo mẹ́rin ló sì máa ń kọjá. Bí ìgbì rẹ̀ ṣe gbá òpó ilé wa, tí pákó ilẹ̀ mì, ni òwú já lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi.

Ẹ̀yin àbúrò mi, òwú lè má jẹ́ nǹkan bàbàrà lójú yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré. Aṣọ pẹpẹ ìjọ wa ni. Màmá mi ní láti fi òwú aláwọ̀ ìyeyè ṣe ọnà àgbélébùú ńlá sí àárín rẹ̀ kí ìkórè ọjọ́ Àìkú tó dé. Igbókòdà ni wọ́n ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Màmá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e fún ní àdúgbò wa. Ìyá Ìjọ sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí kò bá parí rẹ̀, Igbókòdà náà ni iṣẹ́ yóò padà sí.

"Ọkọ̀ yẹn ló fà á," ni ìyá bàbá mi wí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Iye. "Àwọn awakọ̀ ìsinsìnyí ò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé orí omi."

Mo gbà á gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n odò rọ̀, ọkọ̀ ńlá kankan ò kọjá mọ́, òwú ṣì ń já. Màmá mi dẹ irin tó ń fún òwú, ó já. Ó tún òwú ìsàlẹ̀ wé, ó já. Ó wá ń rọra tẹ ẹ̀rọ bí ẹni tí ń rìn lórí ẹyin, síbẹ̀ ó já.

Aládùúgbò wa obìnrin kan tó ń wa ọkọ̀ kékeré kọjá gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dákẹ́ tó tún ń bẹ̀rẹ̀. "Aránṣọ wa, ṣé rírán lẹ̀ ń rán àgbélébùú yẹn, àbí ìṣó lẹ̀ ń kàn mọ́ ọn?"

"Ẹ máa lọ jàre," ni màmá mi dáhùn. "Iwájú rẹ̀ náà lẹ máa wá kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ Àìkú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ìgbà tí bàbá mi ti odò dé, ó mú òwú náà, ó fi í gba àárín ìka rẹ̀, ó sì gbé e sí imú. "Kí ló dé tí òwú yìí ń rùn bí ẹja yíyan?"

Gbogbo wa wo Iye. Iye wo òkè ilé.

"Orí àjà ni mo gbé e sí látọjọ́ tí ẹ ti rà á," ló wí. "Ṣé kí n jẹ́ kí ọ̀rinrin bà á jẹ́ ni?"

Àjà ni pákó tí a so sókè ààrò tí a ti ń yan ẹja. Ibẹ̀ ni Iye ń kó iyọ̀, ìṣáná àti ohunkóhun tí kò fẹ́ kí omi kàn sí. Ìfẹ́ ló fi gbé òwú náà síbẹ̀.

Bàbá mi ò bínú. "Nígbà tí bàbá mi ń fi òwú hun àwọ̀n, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi rin ín díẹ̀. Òwú tó bá gbẹ jù kì í lágbára." Ó di òwú náà sínú àjákù àwọ̀n, ó so ó rọ̀ sábẹ́ ilé, lókè omi díẹ̀ kí ọ̀rinrin lè wọ inú rẹ̀, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀, màmá mi tún pààrọ̀ abẹ́rẹ́, nítorí èyí tó wà níbẹ̀ ti ń dípẹtà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Ọkọ̀ kọjá, pákó mì, òwú ò já. Kí oòrùn Àbámẹ́ta tó wọ̀, àgbélébùú ti parí.

"Abẹ́rẹ́ tuntun ni," ni Iye wí.

"Èémí omi ni," ni bàbá mi wí.

Ẹ̀rù òórùn ló wá kù tó ń ba màmá mi. Ṣùgbọ́n ìkórè ni, ìkórè tiwa sì ni: abọ́ ẹja yíyan kún iwájú pẹpẹ. Ta ni yóò mọ èyí tó ń rùn? Ìyá Ìjọ di etí aṣọ náà mú, ó ní, "Iṣẹ́ yìí ò tún lọ Igbókòdà mọ́."

Iye fi ìgúnpá gún màmá mi. "Ṣé o rí i? Èéfín mi ló jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n dáadáa."

Èmi ò lè dájọ́ nígbà náà, torí àárọ̀ kan náà ni wọ́n yí nǹkan méjì padà: abẹ́rẹ́ àti bí òwú ṣe gbẹ tó. Nígbà tí mo parí yunifásítì, mo ra òwú méjì tó jọra, mo gbé ọ̀kan sórí àjà Iye títí ọyẹ́ fi lọ. Ẹ̀rọ kan náà, abẹ́rẹ́ tuntun kan náà: ti orí àjà já, èkejì ò já. Mo wá so èyí tó ń já rọ̀ lókè omi di ọjọ́ kejì, kò sì já mọ́. Mo sáré lọ sọ fún Iye.

"Ṣé ìwé tí o lọ kà nìyẹn?" ló bi mí.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bàbá mi tọ̀nà nípa òwú tèmi. Nípa ti ọjọ́ Ẹtì yẹn, mi ò lè búra.

Nǹkan ti yí padà. Òwú ọlọ́ràá tó ń dán ni ọ̀pọ̀ aránṣọ ń lò báyìí, gáàsì sì ti gba iṣẹ́ ààrò nínú ọ̀pọ̀ ilé. Òkun ti gba ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ òmíràn sẹ́yìn, níbi tí òkun ò dé. Wọ́n sì gbé aṣọ pẹpẹ náà lọ síbẹ̀. Níbi ìkórè tó kọjá, mo sún mọ́ ọn, mo tẹ imú sí i. Mi ò lè sọ bóyá òórùn àjà ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ẹja yíyan kún ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fi ìka tọ àgbélébùú náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibì kan tó já.