Eré Òwúrọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Odigbo, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí wa nílé wa. Fèrè ni. Bàbá mi ti ṣe sójà kí wọ́n tó bí mi, òun ló sì máa ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun ní eré ìdárayá ní bárékè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sídìí oko kòkó bàbá tirẹ̀, ó kó bárékè bọ̀ wálé. Tó bá ti fun fèrè, ẹsẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ti kan ilẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ilé po, tòun tìpin lójú.

Àwa méjì ló ń kọ́. Akínbọ̀dé ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi ni mo tẹ̀lé e. A ó kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ lágbàlá, ká máa fọwọ́ ti ara wa sókè, ká tún sọ ara wa kalẹ̀, títí apá wa yóò fi máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà la ó bọ́ sójú ọ̀nà Ore. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ dàgbà lágbègbè wa ò ní gbàgbé bí ọyẹ́ ìgbà yẹn ṣe máa ń mú, àti òórùn kòkó tútù tí wọ́n sá síwájú ilé gbogbo. A ó sáré kọjá gbogbo ẹ̀, títí dé ibi tá a ti ń gbọ́ ìró tírélà lójú títì ńlá, ká tó pẹ̀yìn dà. Bàbá mi á máa gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé wa, pàṣán á wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ni pé, "Ìyà téèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ jẹ ara ẹ̀, ọ̀tá ò ní í rí i jẹ ẹ́ mọ́."

Èmi ni mo máa ń ṣáájú. Mi ò mọ ibi tí eré yẹn ti wá. Tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ṣe ló ń dà bíi pé ilẹ̀ ló ń tì mí. Akínbọ̀dé kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Rédíò ló fẹ́ràn. Ó lè tú rédíò tó ti kú palẹ̀ láàárọ̀, kí rédíò náà sì máa sọ̀rọ̀ tó bá fi máa dalẹ́. Lójú ọ̀nà, ẹ̀yìn ló máa ń wà, tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí pàṣán yóò sì máa bà á ní gìgísẹ̀.

Bá a bá délé, ìyá mi á ti ro pupurú ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, òórùn èéfín tí wọ́n fi yan án á ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Bàbá mi á mú ẹja inú àwo ẹ̀gbọ́n mi, á gbé e sínú tèmi. Á ní, "Ẹni tó ṣiṣẹ́ ló ń jẹun." Ẹja méjì á wá wà níwájú mi, ẹ̀gbọ́n mi á máa fi omi ọbẹ̀ jẹun. Ìyá mi a máa sọ pé, "Bàbá Bọ̀dé, ẹ rọra o." Èmi ní tèmi, inú mi máa ń dùn. Lójú mi, ẹja yẹn ni bàbá mi fi ń sọ fún mi pé òun rí mi.

Ọdún tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kéde lórí rédíò pé ilé iṣẹ́ ológun ń gba èèyàn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bàbá mi mú eré náà le sí i. Ó di òkúta sínú àpò, ó gbé e kọ́ àwa méjèèjì lẹ́yìn, ó ní ká máa fi sáré gba ọ̀nà oko lọ sí apá Araromi-Obu. Okùn àpò náà bó mi léjìká, mo fi òrí pa á, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ sójà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò eré sísá tí ilé iṣẹ́ ológun ṣe ní Àkúrẹ́, mo wẹ̀, mo wọ bàtà kánfáàsì mi, mo bọ́ síta. Bàbá mi wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Níbo nìyẹn?"

Mo ní, "Àkúrẹ́ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò bínú o, ẹ̀rín ló rín. Ó ní, "Lọ bọ́ ọ, kó o bá ìyá ẹ lọ sóko. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mo ń fi ẹ́ ta jí. Ọkùnrin tí obìnrin bá ń fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà, dandan ni kó kọ́ eré."

Akínbọ̀dé wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó rọra sọ pé, "Bàbá, òun ló mọ̀ ọ́n sá. Ẹ jẹ́ kó lọ, kí n dúró." Bàbá mi gbá a létí, wọ́n sì jáde. Mo dúró lágbàlá, mi ò bọ́ bàtà náà. Ìyá mi ló wá tú okùn rẹ̀ fún mi.

Wọ́n gba Akínbọ̀dé. Wọ́n mú un lọ sókè Ọya fún ìdálẹ́kọ̀ọ́. Kò parí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń fo ògiri gíga, ó já bọ́, orúnkún rẹ̀ fọ́, wọ́n sì dá a padà sílé. Láti ọjọ́ tó ti fi ọ̀pá wọlé ni bàbá mi ò ti dáhùn ìkíni rẹ̀ mọ́. Ó fara dà á fúngbà díẹ̀, ó sì kó lọ sí Benin. Ìgbà tá a sin ìyá wa nìkan ló tún wá, kò sì sùn.

Èmi lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Ore. Ẹsẹ̀ tó ń sáré náà ló ń tẹ máṣíìnì títí dòní.

Èmi náà ni mo tọ́jú bàbá mi nígbà tó darúgbó. Ọpọlọ rẹ̀ pé o. Ó rántí orúkọ àwọn ọmọ ogun tó kọ́, ó rántí ẹni tó sunkún àti ẹni tó bì. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́, mo bi í léèrè ohun tó ti wà nínú mi látọjọ́ pípẹ́. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jẹ́ kémi náà lọ sí Àkúrẹ́? Ṣebí èmi ni mo máa ń ṣáájú."

Ó dá òkèlè dúró. Ó wò mí, ó ń ronú tọkàntọkàn.

Ó ní, "Ṣé ìwọ náà máa ń bá wa sáré ni?"

Mo bu omi fún un kó fi ṣan ọwọ́.

Lóde òní, tí ìkéde ológun bá ti jáde, tọkùnrin tobìnrin ló ń sáré lójú títì Ore láàárọ̀. Àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí á wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n á so fóònù mọ́ apá, ẹnikẹ́ni ò ní dá wọn dúró. Bàbá ẹlòmíì ló ń fi ọ̀kadà gbé omi tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń pè é ní "sójà mi". Mo máa ń wò wọ́n láti ṣọ́ọ̀bù. Inú mi ń dùn fún wọn, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè wò wọ́n pẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó wá ń ránṣọ lọ́dọ̀ mi máa ń sọ pé kò sí ìtọ́ni mọ́, pé àwọn òbí ìgbà tiwa ló mọ ọmọ tọ́, pé ìyà tí wọ́n fi jẹ wá ló sọ wá di èèyàn. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á máa wo ẹnu mi. Mo máa ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọrùn aṣọ náà rí.