Alágbàfọ̀ Tó Fọ Ẹyẹ

Ní àdúgbò tí Bàbá Ọṣẹ ń gbé, kò sẹ́ni tó tún rántí orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Alágbàfọ̀ ni. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń fọ aṣọ aláṣọ, títí irùngbọ̀n náà fi funfun ju aṣọ tó ń fọ̀ lọ. Òun a fọ̀, a sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ a ká a wọlé, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì gígùn tó wà ní yàrá iwájú, a fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí yóò fi nà gbọọrọ. Láti ẹ̀yìnkùlé dé yàrá iwájú ni wọ́n ti máa ń pariwo bá ara wọn ṣàwàdà. Bí aṣọ kan bá dọ̀tí jù, ìyàwó a ní, "Baálé mi, ẹ bá mi bi ẹni tó ni èyí, ṣé ó ń wọ̀ ọ́ ni àbí ó fi ń nulẹ̀?"

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìfọṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn oníbàárà. Ìyẹn kò dun Bàbá Ọṣẹ púpọ̀, nítorí ara ti ń dara àgbà, ẹ̀yìn sì ti ń ro ó. Ohun tó dùn ún ni pé ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì dìde mọ́. Apá ọkọ rẹ̀ ló kú sí, lọ́sàn-án gangan, tí ọkọ̀ ń kọjá lójú títì bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Ọṣẹ ti kó ọwọ́ lé itan, tó jókòó ti fèrèsé. Ọwọ́ tí omi kì í tán lára rẹ̀ wá gbẹ bí èèpo igi.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kó wá bá a gbé. Olùkọ́ ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò bá a fẹ̀yìn tì. Ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láyè kó ṣọ̀fọ̀ tẹ́rùn. Nígbà tó rí i pé ọ̀fọ̀ náà fẹ́ sọ ilé di tirẹ̀, ó dúró síwájú àga rẹ̀ lárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú báàgì léjìká.

"Bọ̀dá mi, ẹ dìde. A ń lọ wo ẹyẹ."

"Ẹyẹ wo? Èyí tó ti ń yàgbẹ́ sórí aṣọ tí mo bá sá láti ọjọ́ tí mo ti dáyé? Mo ti rí wọn tó."

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọgbà kan wà létí òkun tí wọ́n ti ń dáàbò bo wọ́n. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni yóò gbé wa débẹ̀. Ẹ wọ bàtà."

Ó wọ bàtà, kó ṣáà lè rí ìsinmi lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, obìnrin kan tó wọ aṣọ kakí aláwọ̀ ewé, tí í ṣe olùṣọ́ ọgbà náà, kí wọn káàbọ̀, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra máa sọ̀rọ̀. Ó mú wọn gba orí afárá onípákó tó la àárín irà kọjá. Lábẹ́ afárá, akàn ń sá wọ ihò. Lókèèrè, àwọn lékeléke dúró lójú omi tí kò jìn, bí aṣọ tí atẹ́gùn gbé já lókùn. Bí wọ́n ṣe yọ sí etí òkun ni Bàbá Ọṣẹ rí ẹyẹ òfú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹyẹ náà fò kọjá lókè, ara ńlá, ẹnu gígùn, àfi bí àgbà ìjòyè tó ru àpò sábẹ́ àgbọ̀n. Lójijì ló ká ìyẹ́, ó já bọ́ sómi gbàmù! Nígbà tó gbórí sókè, àpò ti kún, ó ń da omi nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó sì gbé ẹja mì.

"Yéè!" ni Bàbá Ọṣẹ wí.

Lórí òpó kan nítòsí, ẹyẹ dúdú kan dúró, ó na ìyẹ́ méjèèjì síta sí oòrùn, kò mira. Bàbá Ọṣẹ bi olùṣọ́ ọgbà léèrè ohun tó ń ṣe é.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ni, Bàbá. Ó ń gbẹ ara ẹ̀."

"Áà! Ó sá aṣọ ara ẹ̀!" Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín in títí ó fi di igi afárá mú. Àbúrò rẹ̀ kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sìnkú. Ó yíjú sí òkun, ó sì nu ojú.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Ọṣẹ fúnra rẹ̀ ló ń jí àbúrò rẹ̀ pé kí bọ́ọ̀sì má lọọ fi wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́ tó fi mọ ibi tí wọ́n fi okùn yí ká lórí iyanrìn, níbi tí àwọn ẹyẹ máa ń yé sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀. Bí àlejò kan bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ré okùn kọjá nítorí fọ́tò, Bàbá Ọṣẹ a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, yàrá àwọn abiyamọ ni ibẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ ó fẹ́ kí àjèjì já wọlé bá yín níbi tí ẹ ti ń fún ọmọ lọ́mú?" Ojú a ti àlejò, yóò rẹ́rìn-ín, yóò fà sẹ́yìn.

Ìgbà tó ń gbádùn ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ báyìí ni ọkọ̀ ojú omi ńlá kan gbá àpáta, tí epo rọ̀bì sì dà sókun. Orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Asọ̀ròyìn ní epo ti ń lẹ̀ mọ́ àwọn ẹyẹ lára, wọ́n sì ń wá àwọn tí yóò bá wọn fọ̀ wọ́n. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Ọṣẹ ti ń wá bàtà lábẹ́ àga.

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin yìí parí ìkéde rẹ̀ ná."

"Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Wọ́n ní fífọ̀. Ta ni wọ́n tún ń pè?"

Abẹ́ àtíbàbà onípáànù ńlá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ọgbà ni wọ́n kó àwọn ẹyẹ náà sí. Òórùn epo gba gbogbo afẹ́fẹ́. Àwọn ẹyẹ òfú tó ti ń dán gbinrin ti di dúdú, wọ́n ń gbọ̀n nínú àpótí, nítorí ẹyẹ tí epo bá lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ kò lè fò, òtútù a sì máa wọ̀ ọ́ dé egungun. Dókítà ẹranko ló ń darí iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ojú rẹ̀ ti wú nítorí àìsùn.

Bàbá Ọṣẹ ká apá ẹ̀wù sókè. "Dókítà, iṣẹ́ mi rèé. Ẹ fún mi ní omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì líle, kẹ́ ẹ wá máa wò mí."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá, bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ẹyẹ yìí, awọ ara ẹ̀ ni yóò bó. Kí lẹ máa wá gbé fún oníbàárà?"

Bàbá Ọṣẹ mi orí. "Òótọ́ ni. Ẹ kọ́ mi."

Dókítà kọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ẹyẹ lóúnjẹ, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, nítorí èyí tí kò lágbára yóò kú sínú omi. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ó jẹ́. Ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ni kí wọ́n pò mọ́ ọn, kí ọwọ́ sì máa lọ síbi tí ìyẹ́ kọrí sí. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni kí wọ́n fi nu àyíká ojú. Ẹni tó bá di ẹnu ẹyẹ òfú mú gbọ́dọ̀ fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, nítorí ẹnu ló fi ń mí. Bí omi bá ti dúdú, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n gbé òmíràn, títí yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣan ọṣẹ kúrò pátápátá.

Àbúrò Bàbá Ọṣẹ ń di ẹnu ẹyẹ mú, Bàbá Ọṣẹ ń fọ̀. Ẹyẹ àkọ́kọ́ fi apá gbá a létí, ó já ẹnu gbà, ó sì ki fìlà rẹ̀ bọ inú àpò abẹ́ àgbọ̀n.

"Bọ̀dá mi, ó ti gbé fìlà yín o!"

"Fi í sílẹ̀. Ó ń bá mi tọ́jú ẹ̀ ni, kó má baà tutù."

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín, àní dókítà náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló yè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èyí tó kéré jùlọ wà lọ́wọ́ Bàbá Ọṣẹ. Ó ti fọ̀ ọ́ tán, ó ti fi aṣọ ìnura wé e, nígbà tó rí i pé ọrùn rẹ̀ rọ̀. Ó dúró, ó gbé e mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e kalẹ̀, ó jáde lọ jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú ẹ̀ dé. Dókítà tẹ̀ lé e.

"Mo pa á, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ló kú sí."

"Rárá, Bàbá. Epo ló pa á. Ọwọ́ yín ni kò jẹ́ kó dá nìkan kú."

Ó wo obìnrin náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ikú kan kiri láyà, ikú ẹni tó kú sí i lápá lọ́sàn-án gangan, tó ń rò pé ká ní òun gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ ni, ká ní òun yára jù bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo àwọn tó wá kí i ló sọ fún un pé kó mú ọkàn le. Kò sí èyí tó sọ fún un pé apá rẹ̀ ṣe oore. Omijé dà lójú rẹ̀, kò nù ún, nítorí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà dúró tì í, kò kánjú.

Nígbà tó sunkún tán, ó dìde. "Èyí tó kàn ńkọ́?"

Wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ títí epo fi kúrò lójú omi. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú àwọn tó ti gbádùn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí etíkun. Olùṣọ́ ọgbà to àwọn àpótí sórí iyanrìn, ó sì ní kí Bàbá Ọṣẹ ṣí ọ̀kan. Ó ṣí i. Ẹyẹ òfú náà yọ orí, ó wòtún wòsì, ó rìn gbẹ́regbẹ̀rẹ bí ẹni tó wọ bàtà baba rẹ̀, ó bọ́ sómi. Ìgbì kan bò ó. Gbogbo èèyàn na ọrùn wò. Ó tún yọ, omi ń yí bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìwọ ìyẹ́ kankan. Ó lu omi, ó lu omi, ó gbéra. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ọṣẹ kò pàtẹ́wọ́. Ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun o."

"Ta lẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" ni àbúrò rẹ̀ bi í.

"Ọlọ́run. Dókítà. Ìwọ tó gbé mi dìde lórí àga. Àti ẹyẹ yẹn. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi ni."

Àbúrò rẹ̀ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹ ṣì máa fọ abọ́ nílé."

Nígbà tí àkókò yíyé padà dé, ìtẹ́ pọ̀ lórí iyanrìn. Olùṣọ́ ọgbà ránṣẹ́ pè wọ́n pé ọmọ ti ń yọ. Wọ́n dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n gba awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń pín in wò. Ọmọ ẹyẹ òfú kan wà lábẹ́ ìyá rẹ̀, ìhòòhò, pupa fòò, orí tóbi ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ.

"Bọ̀dá mi, ó mà burẹ́wà o!"

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ó gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wo ọmọ ẹyẹ náà títí bọ́ọ̀sì fi fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.