Àwo Òfìfo àti Ìgò Omi Àdúrà Gbèmí

Òórùn ló fà á. Láàárọ̀ àná, mo lọ kí Bísọ́lá, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ní yàrá kékeré tó sọ di láàbù lẹ́yìn ilé wọn ní Òrè, níbi tó ti ń wádìí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú kí fùfú kan. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀kùn ni òórùn omitooro egungun gbá mi nímú, èyí tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun ágà, tó máa ń mú omi dì bí ẹ̀kọ tó bá tutù, pẹ̀lú òórùn sípíríìtì tó ń jó lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti dá mi dúró báyẹn.

Bísọ́lá alára jókòó sórí àpótí, ó fajú ro. Kòkòrò hù nínú gbogbo àwo rẹ̀, àti èyí tó fi omi fùfú sí, àti èyí tí kò fi nǹkan kan sí. Ó ní òun ti pààrọ̀ ìkòkò, òun ti pààrọ̀ omi, òun ti pààrọ̀ ọwọ́ tí òun fi ń dà á, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàbó ló já sí. Ó ní òun yóò kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Inú bí i sí ẹ̀rín náà, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó gbé àga fún mi, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òòró gangan.

Abúlé Ajue ni wọ́n bí mi sí, láàárín kòkó bàbá mi àti ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama ní Òrè, ọkọ̀ akẹ́rù tó kó kòkó ló gbé mi dé ibẹ̀, èmi àti àpótí onípákó mi lórí àwọn àpò, tí ìyá mi ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ọma mi, di okùn mú o!" Ìlú tí ọkọ̀ kì í sùn ni Òrè, nígbà náà àti nísinsìnyí. Eruku ojú títì máa ń wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, ó ń bà lé ìwé, ó ń bà lé ẹ̀wà, títí kan irun wa. Ọmọ inú igbó ni mí, ẹ̀rù ìlú náà bà mí gidigidi. Ẹni tó lé ẹ̀rù náà lọ ni Àdúràgbèmí, tí gbogbo wa ń pè ní Gbèmí.

Àgọ́ Aláyè ni Gbèmí ti wá. Wòlíì ni bàbá rẹ̀, òun ló ni ilé àdúrà kan tó wà létí odò níbẹ̀. Gbèmí kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá ti di ojú mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ yáa lọ wábi jókòó. Kò sí ohun tó ń ṣe láìgbàdúrà sí i. Ó ń gbàdúrà sí bírò kó tó kọ ìdánwò. Ó ń gbàdúrà sí gààrí, ó tún ń gbàdúrà sí ṣúgà tí a fẹ́ dà sí gààrí náà, títí omi á fi fà tán nínú abọ́. Ọmọ Áńgílíkà ni mí, a kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, àmín mi kì í falẹ̀.

Ní sáà kan, ìgbẹ́ gbuuru wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Àwọn ọmọ kéékèèké ló kọ́kọ́ mú. Àwọn kan ní ọsàn tí kò pọ́n ni, àwọn kan ní ẹ̀wà tí olóúnjẹ sè ni. Ìbùkún, àbúrò Gbèmí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìwé lọ́dún náà, rù hangogo. Nígbà tí kò lè dìde mọ́, bàbá wọn wá gbé e lọ sílé. Gbèmí dúró lẹ́nu géètì títí a kò fi rí ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́. Bó ṣe yíjú padà, ó ní kànga ni. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kànga wa wà, ṣáláńgá sì wà lókè rẹ̀.

Ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá kò lé e, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fa omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gbé e sókè nínú oòrùn, ó ní kí Gbèmí fi ìdọ̀tí han òun nínú rẹ̀. Omi náà mọ́ gaara. Ó ní tí òun bá ti kànga pa, àwọn ọmọ á máa rìn dé odò kí wọ́n tó wẹ̀, nítorí náà kí ó mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Mísìs Akínwùmí, tíṣà wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ oko sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fún un kó fi ṣe láàbù. Níbẹ̀ ló ti kọ́ wa láti se oúnjẹ fún kòkòrò, láti fi ìkòkò tó ń súfèé se gbogbo rẹ̀ kí ohun tó wà láàyè nínú rẹ̀ lè kú, àti láti dà á sínú àwo gíláàsì onídèérí. A kán omi kànga sí àwo kan. A kán omi tí a ti sè sí ìkejì. Ìkẹta, a kò fi nǹkan kan sí i. A kó wọn sínú àpótí tí àtùpà ń mú lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo bi tíṣà wa pé kí ni àwo òfìfo wà fún, ṣé kì í ṣe pé à ń fi oúnjẹ ṣòfò? Ó ní àwo yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Tí nǹkan bá hù nínú àwo tí ẹnikẹ́ni kò gbin nǹkan sí, a kò lè gba ẹ̀rí àwọn yòókù gbọ́.

Ó hù. Gbogbo wọn ló hù. Nínú àwo òfìfo gan-an, àwọn kókó róbótó aláwọ̀ ògì wà níbẹ̀, wọ́n ń dán.

Bísọ́lá, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mísìs Akínwùmí kò gbà kí a yí ohun tó ju ẹyọ kan lọ padà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní tí a bá yí ohun púpọ̀ padà tí ó sì dára, a kò ní mọ èyí tó tún un ṣe. A jẹ́ kí ìkòkò pẹ́ sí i lórí iná: ó hù. A ti fèrèsé nítorí eruku títì: ó hù. A fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, a di irun: ó hù. A dẹ ìdérí díẹ̀ báyìí, a kò ṣí i gbayawu: ó tún hù, kókó aláwọ̀ ògì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ lọ sílé láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, ìròyìn tó sì ń ti Àgọ́ Aláyè wá kò dára, wọ́n ní Ìbùkún kò tíì lè jókòó. Ó sú mi, mi ò purọ́. Gbèmí ní kí n lọ sùn tó bá sú mi, òun ò lọ. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn kó lọ sùn?

Ágà wa kù fún ìkòkò kan péré. Mísìs Akínwùmí wá jókòó sí igun yàrá, ó ní kí a ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é nígbà tí òun bá lọ sẹ́yìn ilé lọ wo iná. Ó ní kí a má fo ohunkóhun, bí ó ti wù kó kéré tó.

A nu tábìlì. A tan iná sípíríìtì. A kó àwọn àwo tí a ti sè jáde, a tò wọ́n. Gbèmí na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀, ó mú ìgò omi àdúrà rẹ̀ jáde, ó ṣí àwọn àwo, ó wọ́n omi náà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka Sáàmù lábẹ́ ahọ́n. Mo ṣe àmín.

Mísìs Akínwùmí dìde. Ó ń wo ìgò náà ṣáá. Gbogbo ìgbà tí a ti ń ṣe é ni Gbèmí ti ń wọ́n ọn, gbogbo ìgbà ni mo ti ń ṣe àmín, kò sì sí ẹni tó ronú kàn án nínú àwa méjèèjì, nítorí lójú wa, ìyẹn kì í ṣe ara iṣẹ́. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀.

Nígbà tó yé Gbèmí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mà, ṣé àdúrà ló ba iṣẹ́ jẹ́?"

"Àdúrà kọ́," ni tíṣà wa fèsì. "Omi ni. Níbo lẹ ti ń pọn ọ́n?"

Gbèmí ní odò ẹ̀yìn ilé àdúrà ni. Ó fẹ́ fi ìgò náà padà sínú báàgì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an nígbà tó sọ ọ́: "Òun náà ni Ìbùkún ń mu nílé. Láàárọ̀, lálẹ́."

Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n Gbèmí kò jókòó pẹ́. Ó dìde, ó jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gba àdúrà rẹ̀ sójú ọ̀run láìwọ́n nǹkan kan, ó fọ ọwọ́, ó wọlé. Ó ní ká tún àwọn àwo náà sè, ká sì fi ẹ̀kẹrin kún un fún omi inú ìgò.

Lọ́tẹ̀ yìí, àwo òfìfo mọ́ tónítóní. Ti omi sísè mọ́. Ti kànga kún bámúbámú, nígbà tí ọ̀gá sì fojú kàn án, ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ tó fi ti kànga pa láìjiyàn. Ẹ̀kẹrin ń kọ́? Kókó róbótó aláwọ̀ ògì ni, àwọn ojúlùmọ̀ wa àtijọ́, pẹ̀lú oríṣiríṣi mìíràn tí a kò tíì rí rí.

A gba ààyè, a wọkọ̀ lọ sí Àgọ́ Aláyè. Gbèmí gbé àwo náà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, a fi aṣọ dì í. Mo rò pé Wòlíì máa lé wa jáde ni. Ọmọ wo ló máa dúró níwájú bàbá rẹ̀, nínú ilé àdúrà bàbá rẹ̀, tó máa ní omi ibẹ̀ kò dára? Gbèmí kúnlẹ̀, ó ṣí aṣọ kúrò, ó ṣàlàyé ohun gbogbo láti orí àwo òfìfo. Bàbá náà wo àwo pẹ́. Ó wo Ìbùkún lórí ẹní. Ó wá yíjú sí àwọn ará ilé rẹ̀.

"Ọlọ́run kò sọ pé ká má dáná. Ẹ gbé ìkòkò ńlá wá."

Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń se omi kí wọ́n tó gbàdúrà sí i. Ó rọra ń yá Ìbùkún, títí tó fi padà sílé ìwé, tó tún ń jí gààrí wa jẹ.

Gbèmí ti lọ. Nọ́ọ̀sì ni títí àìsàn fi mú un lọ, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí gidi gan-an. Yàrá irinṣẹ́ oko yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù, àpótí alátùpà ti di ẹ̀rọ tó ń fi iná sọ bí òun ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n mo ya Àgọ́ Aláyè láìpẹ́ yìí, mo bá ìkòkò ńlá lórí iná lẹ́yìn ilé àdúrà. Mo bi ọmọge tó ń koná pé kí ló dé tí wọ́n fi ń se omi náà. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ Ọlọ́run. Ó ní ìran ni wọ́n rí láyé àtijọ́, pé iná gbọ́dọ̀ ṣáájú àdúrà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ẹni tó rí ìran náà.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán fún Bísọ́lá nìyẹn. Mo wá ní kó ṣe tirẹ̀ lójú mi, kó má fo ohunkóhun. Ó nu tábìlì, ó tanná, ó to àwọn àwo, ó da ágà sí wọn, ó di ojú, ó gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n. Mo ṣe àmín. Ló bá ṣí gbogbo ìdérí, ó ní kí ágà náà tètè tutù, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tan fáànù.

Eruku Òrè dìde lórí pákó fèrèsé. Òun fúnra rẹ̀ rí i nínú oòrùn, bó ṣe ń fò bọ̀ sórí àwọn àwo. Ó pa fáànù náà, ó wò mí. Ó gbé ìkòkò padà sórí iná.