Orúkọ Tí A Fi Ṣe Ègbè Orin Wa

Òórùn irin gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní apá ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó Ọ̀tà, òórùn kan tó máa ń ta ni ní ọ̀fun títí dé ilé. Àwa mẹ́rin tí a jọ ń yọ́ àjákù irin níbẹ̀ la dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀. Hẹ́fì mẹ́tàlì là ń kọ, ọ̀rẹ́ mi: gìtá tó ń han, ìlù tó ń sáré, olórin tó ń bú ramúramù. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe é nínú ṣọ́ọ̀bù búlọ́ọ̀kù kan tí wọ́n ti pa tì ní Jojú, kò sì sí ọ̀kan tí mo gbàgbé nínú àìdáa tí wọ́n ṣe sí wa. Ilé ìwé kan fúnra wọn ló pè wá. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ mọ́ wa lórí ní àárín orin kejì. Pásítọ̀ kan fi ṣẹ́ẹ̀tì dúdú wa wàásù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì bi wá rí kí ó lè gbọ́ pé torí gírísì kì í hàn lára aṣọ dúdú la ṣe ń wọ̀ ọ́.

Orin tí wọ́n kórìíra jù ni ti ẹlẹgbẹ́ wa kan níbi iṣẹ́ tí irin pupa tó fò jáde nínú ẹ̀rọ pa. Kí irin tó jáde, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ké "Ẹ yà, ó ń bọ̀" lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ké e. Ilé iṣẹ́ wá ní ọkùnrin náà kò wá síbi iṣẹ́ rárá lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi fi igbe yẹn àti orúkọ rẹ̀ ṣe ègbè. Èmi tí mo lọ yunifásítì ni mo kọ ọ̀rọ̀ orin náà.

Ní ìpàdé àwọn onílé Jojú tí wọ́n pè wá sí, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, alága fi fóònù gbé orin wa sétí gbogbo ènìyàn.

"Ta lẹ ní ó ń bọ̀?"

Ìyá àgbà kan ní, "Alága, ẹ má bi wọ́n, kí ẹni tí wọ́n ń pè má lọ dáhùn níbí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórin wa yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé."

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tí òun náà ní ilé ní àdúgbò yẹn, jókòó ti alága, ó ń wò mí. Gbólóhùn méjì péré ni ì bá gbà mí láti sọ ẹni tó ni orúkọ náà. Iṣẹ́ mi ni mo rò.

Mo ní, "Eré lásán ni, sà. Kò ní ìtumọ̀ kankan."

Wọ́n lé wa kúrò ní àdúgbò. Olórin wa kò bá mi jà. Ó ká wáyà rẹ̀, ó kó lọ sí Adó-Odò, n kò sì gbọ́ pé ó kọrin mọ́.

Ṣùgbọ́n ìyàwó olóògbé náà wà ní ìpàdé yẹn, ní ìlà ẹ̀yìn. Ó dúró dè mí lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, àbí? Ṣé lóòótọ́ ni pé kò ní ìtumọ̀?"

Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, n kò lè fi gbogbo ọkàn bínú sí àwọn onílé mọ́. Àwọn tó lé wa kò mọ ẹni tí à ń pè. Èmi mọ̀ ọ́n. A ti jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ilé iṣẹ́ ní kò sí níbẹ̀, èmi náà sì bá wọn sẹ́ ẹ níṣojú ìyàwó rẹ̀.